Ìwọ̀n Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Ara Ṣe Lóòjọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Èbúté Tin Can

(Ọ̀rọ̀ ìlera fún kíkà ní àwọn ilé ìkàwé abúlé)



Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí iṣẹ́ tí ó yẹ kí ara ènìyàn ṣe lójoojúmọ́ kí ó má baà dà bí ọkọ́ tí wọ́n gbé sí ìdí ògiri títí tí ó fi dípẹtà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa bẹ̀rẹ̀ ni Erékùṣù Tin Can, ní Àpápá, ní ìlú Èkó. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n agbára káká ni ẹ fi máa rí abúlé kan tí kò ní ọmọ ní Àpápá tàbí ní Ajégúnlẹ̀. Òmíràn ń wa tírélà, òmíràn ń gba ẹrù jáde fún àwọn oníṣòwò, òmíràn ń ránṣọ, òmíràn sì ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Ohun tí ó bá ń ṣe ara wọn kan àwọn tí ó wà nílé, nítorí pé bí àìsàn bá dá ọmọ dúró ní Èkó, abúlé ni wọ́n máa ń gbé e bọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà. Àyípadà tí ó dé bá iṣẹ́ àwọn ará èbúté ti ń bọ̀ wá sí abúlé pẹ̀lú. Ọ̀kadà ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ̀rọ ń lọ ata tí ìyá àgbà ń fi ọlọ lọ̀. Gbogbo èyí dára, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó kórìíra ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ní owó orí tirẹ̀, ara ni ó sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

BÍ IṢẸ́ ẸRÙ ṢE YÍ PADÀ

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá, ọ̀nà àti ilé káàkiri. Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba pa láṣẹ láti òkè òkun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ojú omi fi tò lẹ́sẹẹsẹ lójú òkun Èkó, tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Èbúté Àpápá kò gbà wọ́n mọ́. Èyí ni ó mú kí ìjọba kọ́ èbúté tuntun sí Erékùṣù Tin Can, ní ìwọ̀-oòrùn Àpápá, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977.

Ní ayé ìgbà náà, orí, èjìká àti ẹ̀yìn ènìyàn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù ń gbà kọjá. Àpò sìmẹ́ńtì, àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1956 tí ó máa yí iṣẹ́ yìí padà ní gbogbo ayé. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Malcolm McLean kó àpótí irin ńláńlá 58 sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ideal-X, ọkọ̀ náà sì gbé wọn láti Newark lọ sí Houston. Wọn kò tú ẹrù inú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ̀rọ ni ó gbé àpótí pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àpótí yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní kọ̀nténà lónìí. Nígbà tí kọ̀nténà dé Àpápá àti Tin Can tí ó sì gbilẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tí ó jókòó sínú ẹ̀rọ agbẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ alágbára ń fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ èbúté ṣe kúrò ní iṣẹ́ èjìká tí ó di iṣẹ́ ìjókòó. Awakọ̀ jókòó sí ẹ̀yìn ìdarí ọkọ̀. Akọ̀wé jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Agbaṣẹ́ tí ń gba ẹrù jáde jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń dúró de ìwé. Ti awakọ̀ tírélà ni ó le jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ojú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, àwọn awakọ̀ sì ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó wọ èbúté. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí wọ́n pè ní Ètò, tí ó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá kàn án. Ṣùgbọ́n bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọkọ̀ tilẹ̀ dín kù, ìjókòó awakọ̀ kò tán.

OHUN TÍ KÁLÓRÌ JẸ́

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi kìlógíráàmù wọn iṣu, tí wọ́n sì ń fi lítà wọn epo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kálórì wọn agbára tí ó wà nínú oúnjẹ àti agbára tí ara ń ná. Kálórì 1 tí wọ́n ń kọ sí ara páálí oúnjẹ jẹ́ ìwọ̀n ooru tí ó lè mú kí omi lítà 1 gbóná sí i ní ìdíwọ̀n 1 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní àwọn ọdún 1890, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Wilbur Atwater kọ́ yàrá àkànṣe kan sí Yunifásítì Wesleyan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn ń gbé inú yàrá náà fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wọn ooru tí ó ń jáde lára rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ayé ti mọ̀ pé gíráàmù 1 ṣúgà tàbí gààrí ń fún ara ní nǹkan bí kálórì 4, ti amáradàgbà bí ẹ̀wà àti ẹja ń fún un ní 4, ti ọ̀rá àti epo ń fún un ní 9, ti ọtí líle sì ń fún un ní 7.

Ara kì í sinmi ìnáwó. Bí ènìyàn tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ọpọlọ ń ronú. Ẹni tí ó bá wọn kìlógíráàmù 70 ń ná nǹkan bí kálórì 70 ní wákàtí kan tí ó bá jókòó láìṣe nǹkan. Bí ó bá dìde, tí ó rìn kánkán bí ẹni tí ọjà ń pẹ́, ìnáwó náà di nǹkan bí ìlọ́po 4, èyí jẹ́ kálórì 280 ní wákàtí kan. Bí ó bá gba bọ́ọ̀lù, ó di nǹkan bí ìlọ́po 7. Bí àgbẹ̀ bá ń fi ọkọ́ ro oko, ó tó ìlọ́po 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yìí kò le: ẹ mú ìwọ̀n ara, ẹ fi ìlọ́po iṣẹ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Obìnrin tí ó wọn kìlógíráàmù 60, tí ó rìn kánkán fún ìdajì wákàtí, ti ná nǹkan bí kálórì 120.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé ìfojúdá ni gbogbo iye wọ̀nyí. Ara kan kò dà bí èkejì, ọ̀nà gíga kò sì dà bí ilẹ̀ títẹ́jú.

OHUN TÍ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ÈBÚTÉ KỌ́ AYÉ

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìjókòó ń pa ènìyàn? Àwọn òṣìṣẹ́ bí ti Àpápá gan-an ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ní 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti ìlú náà. Awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ jọ ń jáde nílé ní àárọ̀, wọ́n jọ ń wọ aṣọ iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́, kọ̀ndọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè sódò láti gba owó ọkọ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń tètè pa á.

Ní 1975, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Paffenbarger, tẹ ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí ó yẹ kí gbogbo ará Tin Can mọ̀. Ó tọpa àwọn òṣìṣẹ́ èbúté San Francisco 6,351 fún ọdún 22. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn ti wúwo tó. Ìwọ̀n tí àrùn ọkàn fi pa àwọn tí ń gbé ẹrù wíwúwo kò fi púpọ̀ ju ìdajì ti àwọn tí iṣẹ́ wọn fúyẹ́ lọ.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó tìtorí èyí máa yin ẹrù tí ń ṣẹ́ ẹ̀yìn. Àpò sìmẹ́ńtì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, ẹ̀rọ agbẹ́rù sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn là. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé iṣẹ́ àtijọ́ ń fún ọkàn ní ààbò kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, àti pé nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, ààbò náà bá a lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ bá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tí ara rẹ̀ máa fi ṣiṣẹ́.

IYE TÍ Ó YẸ KÍ ÈNÌYÀN FI LÉLẸ̀

Paffenbarger kò dúró níbẹ̀. Ó tún tọpa àwọn ọkùnrin 16,936 tí wọ́n ti jáde ní Yunifásítì Harvard, ó sì kà iye kálórì tí wọ́n ń ná nípa rírìn, gígun àtẹ̀gùn àti eré ìdárayá. Ní 1986 ó kéde pé láàárín àwọn tí ń ná kálórì 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ní ọ̀nà yìí, ikú dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta bí wọ́n bá fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pín 2,000 sí ọjọ́ 7, ó jẹ́ nǹkan bí 285 lóòjọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, kò fi kálórì sọ ọ́. Ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tí ó mú kí èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí iṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú 75 sí 150, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ti ọmọdé, láti ọdún 5 sí 17, jẹ́ ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Wọ́n tún fi kún un pé díẹ̀ sàn ju kí ènìyàn má ṣe nǹkan kan lọ.

Nítorí náà, bí awakọ̀ kan tí ó wọn kìlógíráàmù 70 bá fẹ́ fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ara rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdajì wákàtí ìrìn kánkán lóòjọ́, ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Èyí jẹ́ nǹkan bí kálórì 140 lóòjọ́, ó sì kájú ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ náà wí. Nígbà tí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí tí ìrìn, àtẹ̀gùn àti eré rẹ̀ fi máa sún mọ́ 285. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn rẹ̀ kánkán tó, kí ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ àti láti kọrin. Bí ó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí kò jẹ́ kí ó kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ibí yìí ni ó yẹ kí olùgbọ́ ti fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ìwọ̀n kan náà kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ní agbo ilé kan ṣoṣo ní Ajégúnlẹ̀, awakọ̀ tírélà lè máa gbé ní yàrá iwájú, kí mẹ́rúwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi sì máa gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Mẹ́rúwà ti ná ju kálórì 285 lọ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà. Bákan náà ni àgbẹ̀ tí ó fi wákàtí mẹ́ta ro ebè: ó ti ná ju 800 lọ kí oòrùn tó dé àtàrí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó ru igbá ọjà láti Boundary lọ sí ojú ọ̀nà Wharf. Irú àwọn wọ̀nyí kò nílò ẹni tí ó máa rán wọn lọ sáré. Oúnjẹ tí ó tó, omi mímọ́ àti oorun ni wọ́n nílò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó lọ jó kálórì, kò bá a sọ òótọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí ni ẹni tí ń jókòó: awakọ̀, akọ̀wé, ránṣọránṣọ, onísọ́ọ̀bù, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyá tí àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ jẹ́ kí ìyá rìn dé ìdí ọjà.

ṢÉ ERÉ ÌDÁRAYÁ NÌKAN TÓ LÁTI DÍN ARA KÙ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka kálórì nítorí kí ikùn wọn lè wọlé. Ẹ̀kọ́ ńlá kan wà lórí èyí láti Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Nàìjíríà wọn agbára tí àwọn obìnrin agbègbè náà ń ná, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Àwọn obìnrin ti ilé wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 58, àwọn ti Chicago wọn nǹkan bí 83. Gbogbo ènìyàn rò pé iṣẹ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2008, tí wọ́n ti ṣe ìṣirò fún ìtóbi ara, agbára tí apá méjèèjì ń fi ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí kálórì 800 lóòjọ́ ní ilé, nǹkan bí 760 ní Chicago. Àwọn olùwádìí náà sọ pé oúnjẹ ni ó ṣeé ṣe kí ó fa ìyàtọ̀ náà jù, nítorí oúnjẹ tí ó kún fún ọ̀rá pọ̀ ní Chicago ju Igbó-Ọrà lọ.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò sẹ̀ńtílítà 50 kan, bí ó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú sẹ̀ńtílítà 10 kọ̀ọ̀kan, ti gbé ṣúgà gíráàmù 50 wọlé, ó tó nǹkan bí ṣíbí tíì 12. Èyí jẹ́ kálórì 200. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni awakọ̀ fi máa mu ún tán nínú oòrùn Àpápá, ṣùgbọ́n ó máa rìn kánkán fún ju ìṣẹ́jú 40 lọ kí ó tó ná an. Ìgò bíà ńlá kan tó nǹkan bí kálórì 250. Ṣíbí ọbẹ̀ kan tí ó kún fún epo pupa tó 120. Nítorí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ni òfin ìṣúná orílẹ̀-èdè ti ọdún 2021 fi bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rìn ìdajì wákàtí tí ó sì fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan san ẹ̀san fún ara rẹ̀ ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni. Àmọ́ kí ó má ṣe rò pé ìrìn rẹ̀ ṣòfò. Bí ìwọ̀n ara kò tilẹ̀ dín, ọkàn ti lágbára sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, oorun sì dùn sí i. Ààbò ọkàn ni èrè àkọ́kọ́ ti eré ìdárayá. Ikùn tí ó wọlé jẹ́ ẹ̀bùn tí ó lè tẹ̀lé e bí oúnjẹ bá gbà.

Ọ̀RỌ̀ NÍPA FÓÒNÙ ÀTI AAGO ỌWỌ́

Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro máa ń so aago tí ń ka ìṣísẹ̀ àti kálórì mọ́ ọwọ́. Aago náà wúlò láti rán ènìyàn létí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọkàn tán iye kálórì tí ó kọ. Ní 2017, Yunifásítì Stanford dán irú rẹ̀ méje wò. Èyí tí ó dára jù fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà lórí kálórì, èyí tí ó burú jù sì fi ìdá 93 ṣìnà.

Ìṣísẹ̀ 10,000 tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ pẹ̀lú, ọjà títà ni ó bí i: ilé iṣẹ́ kan ní Japan ni ó fi sọ orúkọ ẹ̀rọ akaṣísẹ̀ rẹ̀ ní 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo. Ní 2019, ìwádìí tí I-Min Lee ti Harvard darí lórí àwọn obìnrin àgbàlagbà 16,741 fi hàn pé àwọn tí ń rìn nǹkan bí ìṣísẹ̀ 4,400 lóòjọ́ ti ń pẹ́ láyé ju àwọn tí ń rìn 2,700 lọ, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, èrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ìyá àgbà tí ẹ̀rù 10,000 ti ń bà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ìṣẹ́jú tí ó ń rìn lóòjọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìfi kún un, kí ó lè mọ ibi tí ó wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó fi ìṣẹ́jú 5 kún ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ó tún fi 5 kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí kò bá rí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan, kí ó pín in sí ìṣẹ́jú 10 lọ́nà mẹ́ta: ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó fi àmì sí ara kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ tí ó bá ṣe é, kí ó má sì bínú sí ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe.

Awakọ̀ tí ó wà lórí ìlà lè sọ̀kalẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí tí kò léwu, kí ó rìn yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, kí ó sì máa bẹ̀rẹ̀ kí ó máa dìde ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá. Akọ̀wé lè gun àtẹ̀gùn, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ibi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin lè jó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Owó kò sí nínú gbogbo èyí. Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Láti inú àdúgbò tóóró náà, níbi tí pápá ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Maracana wà, ni Samson Siasia ti jáde, ẹni tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife Áfíríkà ní 1994. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo pẹ̀lú ti dàgbà, ẹni tí ó gbá góòlù 5 wọlé, tí ó sì borí gbogbo agbábọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife Áfíríkà ti 2019. Bọ́ọ̀lù kan tó fún ọmọ méjìlélógún. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ gbalasa tí ó bá ṣẹ́ kù ní àdúgbò kan fi jẹ́ ohun ìní gbogbo ènìyàn, tí kò sì yẹ kí wọ́n gbà fún ẹnikẹ́ni láti fi ilé ìtajà dí i pátápátá.

ÌKÌLỌ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, àti ẹni tí ó ti ju ogójì ọdún lọ tí kò ṣe eré rí, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí bí èémí bá há, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì wá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ebi sáré. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ènìyàn máa rìn, kì í ṣe inú oòrùn ọ̀sán, kí ó sì máa mu omi. Kí ẹnikẹ́ni má sáré ní etí ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Ojú ọ̀nà inú àdúgbò àti ọgbà ilé ìwé sàn jù. Bí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó rìn ní apá tí ó ti máa kojú ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kọ̀nténà kò ní padà sí èjìká ènìyàn, kò sì yẹ kí ó padà. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ń lù nínú àyà awakọ̀ òde òní kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú àyà alárùú ìgbà sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ ni ó mọ̀, iṣẹ́ ni ó sì ń bèèrè. Nígbà tí ẹ bá tún ń bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹ ti bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n jẹun, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rìn pẹ̀lú. Bí ọmọ náà bá sì dáhùn pé ọwọ́ òun dí, ẹ sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní òní.